Pósídọ́ọ̀kì lórí bí igbó ṣe máa rí lọ́la: bẹ́ ẹ ṣe lè wá a láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti parí PhD ní LAUTECH, ní UI, ní FUNAAB, àtẹ̀yin tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ parí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rò pé tí PhD bá ti parí, ohun tó kù ni kéèyàn máa dúró de ìgbà tí yunifásítì kan máa gba òun síṣẹ́, tíyẹn ò bá sì wá, kéèyàn wá nǹkan míì ṣe. Ọ̀nà míì wà o. Ó wù mí gan-an káwọn èèyàn apá ibí máa rin ọ̀nà náà: kẹ́ ẹ lọ ṣe pósídọ́ọ̀kì (postdoc, iṣẹ́ ìwádìí téèyàn ń ṣe lẹ́yìn PhD) lórí iṣẹ́ sísọ bí igbó ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀, ní ogún ọdún sí i, ní àádọ́ta ọdún sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tó ka ìmọ̀ igbó nìkan. Ẹni tó ka ìṣirò, ẹni tó ka kọ̀ǹpútà, ẹni tó ka ìmọ̀ ilẹ̀ tàbí ìmọ̀ ojú ọjọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń wá, torí iṣẹ́ náà fẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi.

Ẹ jẹ́ ká ti sọ èyí kúrò lọ́nà ná: iṣẹ́ ni pósídọ́ọ̀kì, kì í ṣe ilé-ìwé. Wọ́n ń sanwó oṣù fún yín, ó máa ń jẹ́ ọdún 1 sí 3, ẹ máa wà lábẹ́ ọ̀gá kan tó ti gba owó ìwádìí tàbí kẹ́ ẹ gba owó tiyín wá, kò sí ìdánwò, kò sí sátífíkéètì tuntun lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìwé ìwádìí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ jáde àti orúkọ tẹ́ ẹ bá ní lẹ máa kó kúrò níbẹ̀. Tí màmá yín bá bèèrè pé ṣé ẹ tún fẹ́ lọ kàwé ni, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ lẹ rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́

Láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, igbó ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Olókèméjì. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán, wọ́n ń sun èkejì níparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanrankanran, wọn ò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tí wọ́n padà wá ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 28, ibi tí iná ò dé ti ń di igbó gidi, ibi tí wọ́n ń sun níparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá koríko tí igi ò pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tètè sun sì wà láàárín méjèèjì. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Ìgbà tí iná ń wọlé nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bí igbó ṣe máa rí gbọ́dọ̀ lè sọ pé tí iná bá ń wá nígbà báyìí, tí òjò bá dín kù tó báyìí, tí àwọn tó ń sun èédú bá ń gé igi tó báyìí, nǹkan báyìí ló máa ṣẹlẹ̀, kó fi nọ́ńbà sí i, kó sì sọ bó ṣe dá a lójú tó. Kéèyàn kàn ní igbó máa tán, ìyẹn kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè mú un pé ó tọ́ tàbí pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní iye igi tó sanra ju sẹ̀ntímítà 10 lọ lórí hẹ́kítà kan máa wà láàárín 120 sí 180 ní 2035 (nọ́ńbà àpẹẹrẹ lásán nìyẹn), tẹ́ ẹ sì ní ó dá yín lójú tó 90 nínú 100, ẹ ti sọ ohun tí ẹlòmíì lè fi téèpù lọ wọ̀n nígbà tó bá yá.

Ibi mẹ́rin ni iyèméjì ti ń wọlé. Àkọ́kọ́, a ò mọ iye igi tó wà níbẹ̀ lónìí dáadáa. Èkejì, a ò mọ bí òjò, iná àti ọwọ́ èèyàn ṣe máa rí. Ẹ̀kẹta, a ò mọ bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára dàgbà tó àti bó ṣe ń kú, pàápàá àwọn igi ilẹ̀ wa. Ẹ̀kẹrin, módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìṣirò sín igbó jẹ, fúnra rẹ̀ lè má gbà pẹ̀lú bí igbó ṣe ń ṣe. Apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ pósídọ́ọ̀kì yìí ni kẹ́ ẹ mọ èwo nínú mẹ́rin yìí ló ń ba àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́ jù, kẹ́ ẹ sì wá dátà tó máa dín in kù. Tó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni, ó sábà máa ń jẹ́ ti àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ ti àádọ́ta ọdún, èkejì máa gbé e mì.

Àwọn módẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ máa bá pàdé pọ̀. Àwọn kan ń ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iLand ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Munich àti FORMIND tí wọ́n ń ṣe ní UFZ ní Leipzig, méjèèjì ní Jámánì. Àwọn kan ń wo gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan, bí LPJ-GUESS ti Lund ní Sweden, tàbí FATES táwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ igbó Amẹ́ríkà náà ní FVS tiwọn tí wọ́n fi ń pinnu igi tí wọ́n máa gé. Ẹ ò ní láti mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ mọ̀ ọ́n dénú.

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn yín pé kò sídìí láti wọ igbó mọ́. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan kó ìwọ̀n igi jọ láti plọ́ọ̀tì 244 (ilẹ̀ tí wọ́n sàmì sí kí wọ́n lè máa wọn igi inú rẹ̀) ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 11, láti 1968 dé 2015, wọ́n sì rí i pé igbó Áfíríkà tí wọn ò tíì dà rú ṣì ń fa káríbọ́ọ̀nù mọ́ra bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ti Amazon ti ń dín kù láti àwọn ọdún 1990. Téèpù tí wọ́n wé mọ́ ìdí igi, tí wọ́n tún padà wá wé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun ló fi èyí hàn.

Ẹ mú ìbéèrè yín láti ilé

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń wá pósídọ́ọ̀kì ló máa ń lọ ka ohun tí ọ̀gá kan ní Yúróòpù ń ṣe, wọ́n á wá kọ lẹ́tà pé ohun kan náà gẹ́lẹ́ làwọn náà fẹ́ ṣe. Ọ̀gá yẹn ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá tó lè ṣe ìyẹn. Ohun tí kò ní ni ẹni tó mọ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tó mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ẹ wo ibi tá a wà. Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì gba Ìkòyí-Ilé kọjá tẹ́ ẹ forí lé Ìgbẹ́tì àti Kíṣí, ẹ máa rí i bí igi ṣe ń fọ́nká sí i. Párákì Ọ̀yọ́-Ilé, ìyẹn Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,500 níbùú àti lóròó, wà nínú ọ̀dàn yìí, ọ́fíìsì wọn àgbà sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Àwókù ìlú Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀. Ibi tí ìlú ńlá wà rí, igi ti hù síbẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń wo bí igbó ṣe ń padà bọ̀ sípò lórí ilẹ̀ táwọn èèyàn fi sílẹ̀ ní igba ọdún sẹ́yìn, níbo ló tún fẹ́ lọ?

Àwọn ìbéèrè tó wà nílẹ̀ tí mi ò rí ẹni tó ń fi nọ́ńbà dáhùn rẹ̀ dáadáa: báwo ni igi irú àti igi òrí inú oko ṣe máa tó láyé àwọn ọmọ wa nígbà tó jẹ́ pé àgbà igi nìkan là ń rí nínú ọ̀pọ̀ oko, tí àwọn kéékèèké ò hù rọ́pò wọn torí pé katakata ń ro ilẹ̀, màlúù ń jẹ ẹ́, iná ń jó o? Igi apá táwọn darandaran ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù lẹ́ẹ̀rùn, ṣé ó ṣì lè so èso tó pọ̀ tó? Tí èédú tó ń ti Òkè-Ògùn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, igi wo ló máa kọ́kọ́ tán? Tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tẹ́ ẹ sì so ó mọ́ módẹ́ẹ̀lì tí ọ̀gá kan ní, ẹ ti di ẹni tó ń mú nǹkan wá.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì: àwòrán ìpàdánù igbó tí Yunifásítì Maryland ń ṣe látinú sátẹ́láìtì Landsat, tí gbogbo ayé ń lò láti 2013, igi tó ga ló ń kà, kò bèèrè irú igi wo. Oko kajú tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká lè jọ igbó lójú rẹ̀. Ọ̀dàn tí igi rẹ̀ fọ́nká náà kì í yé e dáadáa. Ẹni tó wà ní Maryland lè má mọ̀ pé kajú ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yín nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín.

Irinṣẹ́

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ kọ́ R tàbí Python, ẹyọ kan tó. Ẹ kọ́ ìṣirò Bayesian, torí òun ni wọ́n fi ń pín iyèméjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Stan àti JAGS tí wọ́n fi ń ṣe é sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kóòdù pa mọ́ sí GitHub. Tí láptọ́ọ̀pù yín bá ti gbó tí NEPA ò sì gbà yín láyè, ẹ lo Google Earth Engine, torí kọ̀ǹpútà tiwọn ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá náà, fóònù tẹ́ ẹ fi ń pín dátà ti tó láti fi gba èsì wá sílé. Inú rẹ̀ ni Landsat wà láti 1972, àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 láti 2015, dátà òjò CHIRPS láti 1981, àti GEDI, ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wọn gíga igi, tí wọ́n gbé lọ sí ibùdó ìwádìí tó ń yí ayé po lójú sánmà ní ìparí 2018. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ fún ìwádìí.

Ẹ ṣe àsọtẹ́lẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ohun tó máa yà yín sọ́tọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń kọ̀wé sí ọ̀gá kan náà ni pé ẹ ti sọ nǹkan kan nípa igbó kó tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ déètì sí i, ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ wá ka bẹ́ ẹ ṣe tọ́ tó àti bẹ́ ẹ ṣe ṣì í tó. Àwọn tó ń ṣe èyí kò pọ̀ rárá, títí kan àwọn tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi iná inú párákì Ọ̀yọ́-Ilé ṣe é, torí lọ́dọọdún ló ń jó, ẹ ò sì ní dúró ogún ọdún kẹ́ ẹ tó mọ èsì.

Ẹ kó dátà ibi tí iná ti jó láti MODIS, ẹ̀rọ ayàwòrán orí sátẹ́láìtì tó ń yàwòrán láti 2000, ìwọ̀n mítà 500 ni ojú (pixel) kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ẹ gé e sí ààlà párákì náà. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìdá mélòó nínú párákì ló jó láti oṣù November dé oṣù March. Ẹ kó òjò CHIRPS ti àsìkò òjò tó ṣáájú rẹ̀, torí òjò tó pọ̀ ló ń mú koríko pọ̀, koríko tó pọ̀ ni iná ń rí jẹ. Ẹ fi ìṣirò tó rọrùn so méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ gba ojúlówó nọ́ńbà kan àti àlàfo tó yí i ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe èkejì tó rọrùn jù ú lọ: kẹ́ ẹ kàn mú ìpíndọ́gba gbogbo ọdún tó ti kọjá pé òun náà ló máa ṣẹlẹ̀. Èyí ni alátakò yín. Tí módẹ́ẹ̀lì yín ò bá lè na ìpíndọ́gba lásán, kò tíì wúlò, ẹ ní láti mọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ síta. Àwọn ọ̀gá inú iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ẹni tó bá fi módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wé nǹkan tó rọrùn, torí wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀lì ńlá tí ìpíndọ́gba ń nà nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí October bá ń parí, ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ yín sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ gbé e sí Zenodo. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwádìí sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Zenodo, ó jẹ́ ti CERN, ilé ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù, kì í gbowó, ó máa fún yín ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń jẹ́ DOI tí kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn náà pé ẹ yí i padà. Tí dátà tuntun tó dé oṣù March bá ti jáde, ẹ gbà á, ẹ wò ó. Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú àlàfo tẹ́ ẹ sọ? Tí àlàfo yín bá gbòòrò jù, ẹ ò sọ nǹkan kan nìyẹn, tó bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ ń fi ìgboyà tẹ́ ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní CRPS tó ń fìyà jẹ méjèèjì. Ẹ kọ́ ọ, wọ́n máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tí àwọn míì ti ń ṣe irú rẹ̀, Ecological Forecasting Initiative ni ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn oníṣẹ́ yìí jọ káàkiri ayé, Michael Dietze ti Yunifásítì Boston wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Wọ́n ṣe ìpèníjà kan tí ẹnikẹ́ni lè fi àsọtẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí, lórí dátà NEON, ètò kan tó ń wọn àyíká káàkiri Amẹ́ríkà, bíi ìgbà tí ewé igbó máa tutù yọ̀yọ̀. Kò sí owó ìwọlé, wọn ò bèèrè ibi tẹ́ ẹ ti wá.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dé inú igbó, ẹ ṣe plọ́ọ̀tì pẹ̀lú. Téèpù, kun pupa, ìwé. Ẹ wọn igi ní mítà 1.3 láti ilẹ̀, ẹ fi kun sàmì síbi tẹ́ ẹ wọ̀n gan-an kẹ́ ẹ lè padà sójú ibẹ̀. Tó bá jẹ́ inú párákì ni, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì bá àwọn gáàdì lọ, torí ẹ̀mí yín ṣe pàtàkì ju igi lọ. FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ni kẹ́ ẹ ti lọ bèèrè àwọn ìwọ̀n àtijọ́. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ dáadáa, ẹ jókòó. Ìwé ìwọ̀n igi tó ti ń pọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù lè níye lórí ju dátà sátẹ́láìtì lọ, torí kò sẹ́ni tó lè padà lọ wọn ọdún 1970.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Oríṣi méjì ni. Èkíní, ọ̀gá kan ti gba owó, ó ń wá èèyàn. Ẹ máa rí irú ẹ̀ lórí EURAXESS fún Yúróòpù, jobs.ac.uk fún ìlú ọba, Nature Careers, àti lójú ewé àwọn láàbù fúnra wọn. Èkejì, ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ máa kọ ìwé béèrè owó ní orúkọ yín. Èkejì ló le jù, òun ló sì ń gbé orúkọ ga jù.

Fẹ́lósíìpù (owó ìwádìí tí wọ́n ń fún ẹnì kan) Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù kì í wo orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti wá. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí ìpè, ìyẹn àkókò tí wọ́n ń gba ìwé béèrè owó, máa parí. Fún ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn ò nira rárá. Oṣù September ni ìpè sábà máa ń parí, nítorí náà May ti pẹ́ díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀gá. February ló dáa. Ẹ ka ìwé ìpè ọdún yẹn fúnra yín, torí wọ́n máa ń tún òfin ṣe, pàápàá lórí iye ọdún tó ti kọjá lẹ́yìn PhD.

Fẹ́lósíìpù Humboldt ti Jámánì náà wà, ẹ wo ojú ewé wọn kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ń gba ìwé. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ti ní ìwé ìwádìí nínú jọ́nà tó lórúkọ, kẹ́ ẹ sì ti rí olùgbàlejò tó kọ̀wé pé òun máa gbà yín. Pẹ̀lú bí láàbù igbó tó lágbára ṣe pọ̀ ní Jámánì, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Fẹ́lósíìpù Newton International wà fún ẹni tó fẹ́ lọ sí ìlú ọba. TWAS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, ń ràn àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa lọ́wọ́ láti lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè míì tó ń dàgbà.

Ẹ má fàkókò ṣòfò lórí fẹ́lósíìpù pósídọ́ọ̀kì ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ti NSF Amẹ́ríkà, ọmọ onílẹ̀ àtẹni tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ nìkan ló wà fún. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ti gba owó NSF lè gbà yín síṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ má sì fojú kéré South Africa. Ní Kruger, párákì ìjọba ńlá kan níbẹ̀, láti 1954 ni wọ́n ti ń sun plọ́ọ̀tì ní ọ̀nà oríṣiríṣi láti mọ ohun tí iná ń ṣe sí igi ọ̀dàn, ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ náà ni Olókèméjì tiwa. Ẹni tó bá lọ sí Yunifásítì Cape Town, Wits (ní Johannesburg) tàbí Pretoria pẹ̀lú ìbéèrè nípa Olókèméjì àti Kruger pa pọ̀, mo rò pé wọ́n á fẹ́ gbọ́rọ̀ ẹ̀.

Ímeèlì sí ọ̀gá

Nílé wa, téèyàn bá fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, a máa kí wọn títí, a bèèrè ilé, a bèèrè ọmọ, ká tó débi ọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ní ímeèlì ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ kan máa dúró síbi ìkíni, á pa á dé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ hàn nípa pé ẹ ti ka iṣẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kìíní: orúkọ yín, PhD yín, àti ọdún. Gbólóhùn kejì: ìwé ìwádìí rẹ̀ kan pàtó tẹ́ ẹ kà, àti ohun kan tó wà nínú rẹ̀ tí kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tiwa. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́, bíi pé módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kà á sí pé ọ̀dá ló ń pa igi kéékèèké, tó sì jẹ́ pé iná ló ń pa wọ́n lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, àsọtẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣe, líǹkì Zenodo rẹ̀, àti bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kódà tó bá ṣì. Lẹ́yìn náà, ètò owó tẹ́ ẹ fẹ́ bá a kọ àti ọjọ́ tó máa parí. Ó tán. Kò ju ìdajì ojú ewé lọ. Ẹ fi CV ojú ewé méjì sí i ní PDF, kẹ́ ẹ má fi transcript ránṣẹ́ àyàfi tó bá bèèrè.

Ẹ má kọ "Dear Professor" sí ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fúnra wọn. Èèyàn márùn-ún tẹ́ ẹ ka iṣẹ́ wọn dáadáa sàn ju àádọ́ta lọ. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò dáhùn, ẹ tún kọ gbólóhùn méjì sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Tí kò bá tún dáhùn, ẹ máa lọ.

Ìwé àti ẹlẹ́rìí

Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí PhD yín báyìí, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè. Tí sátífíkéètì ò bá tíì jáde, ẹ gba lẹ́tà láti ilé-ẹ̀kọ́ pé ẹ ti parí, pẹ̀lú déètì tí sẹ́nétì fọwọ́ sí i, torí déètì yẹn ni gbogbo fẹ́lósíìpù fi ń ka ọdún yín. Lẹ́tà kékeré yìí ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró nígbà tí wọ́n ti fẹ́ wọlé.

Fún ẹni tó máa kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún yín, ẹ má yan ẹni tó tóbi jù, ẹ yan ẹni tó mọ iṣẹ́ yín jù. Ẹ kọ ojú ewé kan fún wọn nípa ohun tẹ́ ẹ ṣe àti ohun tí ìpè náà ń wá, kó rọrùn fún wọn láti kọ nǹkan tó nítumọ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ kí wọn lọ́fíìsì, ẹ má gbára lé WhatsApp.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Orí Zoom ló máa jẹ́. Ẹ má ṣe é nílé tí NEPA bá máa ń mú iná. Ẹ bẹ ẹnì kan tó ní ínfátà, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì kan ní Under G nítòsí LAUTECH tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ dákẹ́, kẹ́ ẹ ní sím méjì tó ní dátà, MTN àti òmíì, torí èyíkéyìí lè kú nígbàkúgbà. Ẹ fi sláìdì yín ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kó lè jẹ́ pé tí fídíò bá já, ohùn yín nìkan ti tó.

Ìbéèrè tó máa wá dájúdájú ni: báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ yín ti ṣì? Ẹni tó bá dáhùn pé módẹ́ẹ̀lì òun dáa gan-an, kò gbọ́ ìbéèrè náà. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀n, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, àti nọ́ńbà tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé ẹ ti ṣì í. Ìbéèrè kejì tó sábà máa ń wá ni ta ló máa lo àsọtẹ́lẹ̀ náà. Ẹ mú un wá sílé: gáàdì párákì tó fẹ́ mọ ibi tó máa la ọ̀nà iná sí, obìnrin tó ń ṣe òrí ní Ṣakí tó fẹ́ mọ̀ bóyá igi òrí ṣì máa wà, ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ta ìwé àṣẹ igi gígé.

Ẹ̀yin náà bèèrè. Mélòó ni owó oṣù lẹ́yìn owó orí? Ọdún mélòó ló dájú, kì í ṣe èyí tí wọ́n lérò? Ṣé ìyàwó tàbí ọkọ àtọmọ lè bá yín lọ? Dátà tẹ́ ẹ bá kó ní Ọ̀yọ́, ta ló ni ín, ṣé FRIN tàbí párákì máa ní ẹ̀dà rẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo gbà yín níyànjú jù. Dátà wa ti wọkọ̀ òfúrufú lọ púpọ̀ láìpadà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ẹ kọ̀wé béèrè ìsinmi ìwádìí ní kíákíá, kẹ́ ẹ sì ka bọ́ǹdì tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí: ọdún mélòó lẹ gbọ́dọ̀ padà wá ṣe, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá padà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé, títí kan èyí tí ọ̀gá ẹ̀ka yín fọwọ́ sí.

Fún físà, òfin Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń yí padà lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ wo ojú ewé ẹ́ḿbásì wọn lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ má gba ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ lórí Facebook. Tẹ́ ẹ bá máa lo J-1, ìyẹn físà Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò, ẹ bèèrè bóyá òfin tó ní kéèyàn padà sílé fún ọdún 2 kó tó lè gba àwọn físà míì kàn yín. Fún Jámánì, ipò yín lórí ìlà ẹ́ḿbásì lè jìnnà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé bá dé.

Kẹ́ ẹ sì fi plọ́ọ̀tì yín lé ẹnì kan lọ́wọ́: ọmọ máṣitáàsì kan ní LAUTECH tó mọ ibi tí kun pupa wà, tó ní téèpù, tó ní owó ọkọ̀, tó sì mọ̀ pé April ló máa lọ tún àwọn igi náà wọ̀n.